Bí Ìràwọ̀ Bá Já Lójú Yín ní Ẹ̀pẹ́: Bí Ẹ Ṣe Lè Di Ẹlẹ́rìí Tó Wúlò

Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, èmi àti ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin tí mo ń pè ní Bàbá, apẹja ni wọ́n, wà létí omi ní Marina Ẹ̀pẹ́. Bàbá ń tú àwọ̀n tó lọ́ mọ́ra, mo sì ń tan tọ́ọ̀ṣì fún wọn. Lójijì, mo rí ìka ọwọ́ Bàbá ketekete, mo rí ojú àwọ̀n níkọ̀ọ̀kan, gbogbo ojú omi funfun báláú. Mo gbójú sókè. Iná kan ń sáré kọjá lókè ọ̀sà, ó funfun láàárín, etí rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ìrù gígùn sì ń tẹ̀lé e. Ó là sí méjì. Ọ̀kan kú lójú ẹsẹ̀, èkejì pọ́n bí ẹyin iná, òun náà kú. Kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, ó ti tán.

Ariwo sọ. Ẹnìkan ní inú ọ̀sà ló já sí, òun gbọ́ bó ṣe dún nínú omi. Ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan ní rárá o, ẹ̀yìn Pókà ló bọ́ sí. Ọlọ́kadà kan búra pé bàálù ló gbiná. Ká tó mọ̀, ọ̀rọ̀ ti dórí WhatsApp, wọ́n ti ń pè é ní bọ́ǹbù. Bàbá nìkan ni kò sọ nǹkan kan. Wọ́n wo òkè fún ìgbà díẹ̀, wọ́n padà sídìí àwọ̀n wọn.

Nígbà tí mo délé, mo rí fọ́ọ̀mù kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn onímọ̀ fi ń gba ẹ̀rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Wọ́n bi mí pé aago mélòó. N kò wo aago. Wọ́n bi mí pé apá ibo ló ti bẹ̀rẹ̀, báwo ló ṣe ga sí, ibo ló kú sí. Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lẹ́nu èèyàn ti pọ̀ débi pé n kò lè ya ohun tí ojú mi rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí etí mi gbọ́. Ó dùn mí wọra. Ó ṣeé ṣe kí n má rí irú rẹ̀ mọ́ láyé mi, mo sì jẹ́ kó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Nítorí ìyẹn ni mo ṣe kọ èyí. Ohun tí ẹ bá so mọ́lẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́, kí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì tó dà pọ̀ mọ́ ọn, òun gan-an ni ẹ̀rí tí onímọ̀ lè lò. Ẹ jẹ́ ká mú un bó ṣe ń tẹ̀lé ara wọn.

Ohun tó ń jó lókè yẹn

Òkúta ni, tàbí irin, tó ti ń yí oòrùn ká tipẹ́tipẹ́, tó wá kó sínú afẹ́fẹ́ ayé. Eré tó ń bá bọ̀ wà láàárín kìlómítà 11 sí 72 ní sẹ́kọ́ńdì kan ṣoṣo. Láti Ẹ̀pẹ́ dé Àgbádárìgì tó nǹkan bíi kìlómítà 120 lójú òfuurufú. Èyí tó ń rọra jù nínú wọn á sá ìyẹn tán ní sẹ́kọ́ńdì 11. Afẹ́fẹ́ tó ń tì níwájú á fún pọ̀, á gbóná janjan, á máa bó òkúta náà lára bí ẹni ń bó iṣu. Láti nǹkan bíi kìlómítà 100 sókè ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tàn.

Èyí tó kéré bí hóró ìrẹsì náà máa ń tàn, òun ni ìràwọ̀ já tí a máa ń rí fìrí. Èyí tí mo ń sọ níbí ni èyí tó bá mọ́lẹ̀ ju Àgùàlà lọ. Gbogbo wa la mọ Àgùàlà, òun ni wọ́n sọ pé ó ń bá oṣù rìn tí aráyé ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Bí ìràwọ̀ tó ń já bá tàn ju Àgùàlà lọ, ẹ̀rí yín níye lórí. Bó bá tàn débi pé òjìji yín hàn nílẹ̀, ẹ má fi ṣeré rárá.

Àwọn àgbà a máa sọ pé bí ìràwọ̀ bá já, ẹni ńlá kan ló papò dà. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tí ẹ bá bá fa ọ̀rọ̀ kò ní sọ ohun tó rí fún yín mọ́, bẹ́ẹ̀ ohun tó rí lẹ ń wá.

Ẹ ti mọ ibi tí ẹ dúró sí kó tó di ọjọ́ náà

Apá yìí ló ṣe pàtàkì jù, ọ̀sán ni wọ́n sì ń ṣe é.

Ọlọ́run ṣe é fún àwa ará etí ọ̀sà. Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú àti Àgbádárìgì, bèbè àríwá omi ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Bí ẹ bá dúró nínú ìlú tí ẹ kọjú sí ọ̀sà, gúúsù lẹ kọjú sí. Ọwọ́ òsì yín ni ìlà oòrùn, ọwọ́ ọ̀tún ni ìwọ̀ oòrùn, ẹ̀yìn yín ni àríwá. Bèbè omi máa ń tẹ̀ síbí tẹ̀ sọ́hùn-ún, nítorí náà ẹ lọ síbi tí ẹ sábà máa ń jókòó sí, kí ẹ fi atọ́ka inú fóònù yín yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan. Ní Ẹ̀pẹ́ tiwa, ìhà Ìjẹ̀bú-Òde ni àríwá. Ìmọ́lẹ̀ Èkó tó máa ń là rẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀run lálẹ́, ìwọ̀ oòrùn nìyẹn.

Bí ilé bá ti bo omi mọ́ yín lójú, mọ́sálásí á tọ́nà. Láti ọ̀dọ̀ wa, Mẹ́kà kò sí ní ìlà oòrùn gangan bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Ó tẹ̀ sí àríwá díẹ̀, nǹkan bíi dígírì 63 bí ẹ bá kà á láti àríwá wá. Mọ́sálásí tí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn kíbílà rẹ̀ dáadáa kó tó di pé wọ́n kọ́ ọ, ibi tí Lèmọ́mù ń kọjú sí níbẹ̀ tó fi dá ọ̀nà mọ̀ kárí àdúgbò.

Ó wá ku bí nǹkan ṣe ga tó. Ẹ na apá yín gbọọrọ síwájú, ẹ di ìkúùkù, ẹ fi ojú kan wò ó. Ìbú ìkúùkù yẹn jẹ́ nǹkan bíi dígírì 10 lójú ọ̀run. Ìka mẹ́ta àárín jẹ́ 5. Ìka tó kéré jù jẹ́ 1. Láti ibi tí ọ̀run ti kan omi dé ògangan àtàrí yín, ìkúùkù 9 ni, ẹ tò ó lórí ara wọn kí ẹ rí i. Ọmọdé tí apá rẹ̀ kúrú, ìkúùkù rẹ̀ náà kéré, nítorí náà ìṣirò náà bá òun náà mu.

Ẹ wá fi wọn àwọn nǹkan tó yí yín ká. Òpó iná tó wà níwájú ilé wa ga tó ìkúùkù 3 bí mo bá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Igi àgbọn ilé kejì tó 4. Òpó ńlá ilé-iṣẹ́ fóònù tó wà lọ́ọ̀ọ́kán kò tó 2. Mo kọ wọ́n sínú fóònù mi. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni, òun ni kò sì jẹ́ kí ẹ̀rí yín di "ó ga gan-an ni."

Nígbà tó bá ń tàn

Ẹ má fọwọ́ kan fóònù. Kí ẹ tó yọ ọ́ lápò kí ẹ tó ṣí kámẹ́rà, ó ti kú, ẹ ò sì ní rí i, ẹ ò ní yà á. Púpọ̀ nínú wọn kì í ju sẹ́kọ́ńdì mélòó kan lọ.

Ẹ máa kà á sókè: ení, èjì, ẹ̀ta. Bí ẹ ṣe ń kà, ẹ jẹ́ kí ojú yín bá a lọ títí dé ibi tó kú sí, kí ojú yín sì dúró síbẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ máa ń ṣòro mú torí pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló pe ojú yín, ó ti rìn díẹ̀ kí ẹ tó rí i. Ṣùgbọ́n òpin rẹ̀ wà níkàáwọ́ yín. Ẹ wá ohun kan nílẹ̀ tó wà lábẹ́ ibi tó kú sí, ìmọ̀ ọ̀pẹ, orí òrùlé, òpó, kí ẹ fi ojú dì í mú. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ rántí ibi tí ẹ ti kọ́kọ́ rí i, ẹ fi ohun mìíràn sàmì síbẹ̀.

Ẹ má sì gbé ẹsẹ̀ kúrò. Bí ẹ bá rin ìgbésẹ̀ 10 péré, igi tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti yí padà.

Ìṣẹ́jú márùn-ún tó tẹ̀ lé e

Ẹ wo aago fóònù yín báyìí. Bí ẹ bá ti wò ó tán, ẹ máa fetí sílẹ̀.

Ìró kì í bá ìmọ́lẹ̀ rìn. Bí mọ̀nàmọ́ná ṣe ń kọ́kọ́ kọ̀ kí àrá tó sán, bẹ́ẹ̀ náà ni, àmọ́ ọ̀nà tèyí jìn púpọ̀púpọ̀. Ìró ń lo nǹkan bíi sẹ́kọ́ńdì 3 kó tó rin kìlómítà kan. Bí òkúta náà bá fọ́ ní kìlómítà 30 lókè àtàrí yín gan-an, ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ni ìró rẹ̀ yóò tó dé. Èyí tó bá jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan. Nítorí náà ẹ bẹ gbogbo èèyàn kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀, ẹ pa rédíò. Bí ẹ bá gbọ́ ìró bí àrá tàbí bí ìgbà tí wọ́n yìnbọn lọ́nà jíjìn, ẹ wo aago lẹ́ẹ̀kejì. Iye ìṣẹ́jú tó wà láàárín méjèèjì wúlò fún onímọ̀ bí owó. Bí ẹ ò bá gbọ́ nǹkan kan, ìyẹn náà jẹ́ ìdáhùn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn gbọ́ ìró wíṣíwíṣí nígbà tó ṣì ń tàn lọ́wọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín wọn. Ẹ kọ ọ́ sọ́tọ̀, kí ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ìró ńlá.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ pàtàkì mú ohun tó kàn yìí. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá sọ òru di ọ̀sán, ẹ jìnnà sí fèrèsé onígíláàsì, kí ẹ sì pe àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù kejì ọdún 2013, òkúta kan tí ìbú rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 20 fọ́ sókè ìlú Chelyabinsk ní Rọ́ṣíà. Àwọn èèyàn rí ìmọ́lẹ̀, wọ́n sáré lọ sídìí fèrèsé láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó lé ní ìṣẹ́jú kan kí ìgbì afẹ́fẹ́ tó dé, gíláàsì sì fọ́ sí wọn lójú. Nǹkan bíi èèyàn 1,500 ló gba ìtọ́jú, gíláàsì ló sì ṣe púpọ̀ nínú wọn léṣe. Ẹni tó mọ̀ pé ìró ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní dúró sídìí fèrèsé.

Bó bá fi èéfín tàbí ìlà ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀run, ìgbà yìí ni kí ẹ mú fóònù. Ẹ yà á pẹ̀lú òrùlé tàbí igi kan nínú fọ́tò náà. Èyí tí ojú ọ̀run nìkan bá wà nínú rẹ̀ kò sọ ibi tó wà fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ fi ohùn yín pamọ́ kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀

Ẹ ṣí WhatsApp, ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹnu ránṣẹ́ sí ara yín. Ohùn dára ju kíkọ lọ lásìkò yẹn torí pé ọwọ́ á máa gbọ̀n, fóònù náà á sì fi aago sí i fúnra rẹ̀. Bí n bá tún rí i lọ́la, bí mo ṣe máa sọ ọ́ nìyí:

"Mo wà ní Marina Ẹ̀pẹ́, níbi tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́, mo kọjú sí omi. Aago 7 kọjá ìṣẹ́jú 42. Mo kọ́kọ́ rí i lọ́wọ́ òsì, ìkúùkù mẹ́rin sókè, lókè igi ọ̀pẹ méjì. Ó kú lọ́wọ́ ọ̀tún, ìkúùkù méjì ààbọ̀, lókè òpó fóònù. Mo ka mẹ́rin. Ó funfun, ó ní àwọ̀ ewé, ó pọ́n nígbà tó fẹ́ kú. Ó là sí méjì. Òjìji mi hàn nílẹ̀. N kò tíì gbọ́ ìró."

Ìyẹn ti tó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ padà síbẹ̀ gan-an, ẹ dúró síbi ẹsẹ̀ yín, ẹ ya fọ́tò ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó kú sí, kí ẹ fi àmì sí i lórí máàpù fóònù yín.

Ẹ má fi fọ́tò tí ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ bíi pé tiyín ni, ẹ má sì pín ohùn tó ń sọ pé bọ́ǹbù ni. Ọ̀pọ̀ ìyá tí ọmọ wọn wà lójú omi lálẹ́ ló máa gbọ́ ọ.

Bí a ṣe ń bi àgbàlagbà

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tiwa, mo lọ bá Bàbá létí omi.

"Bàbá, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ jókòó sí lánàá?"

"Ibí náà ni. Ṣé o ò sí níbẹ̀ ni?"

"Mo wà níbẹ̀, Bàbá. Ẹ bá mi jókòó bí ẹ ṣe jókòó, kí ẹ fi hàn mí."

Wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. N kò tíì béèrè tí wọ́n fi na àjẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n gbé e sókè pẹ̀lú ọwọ́ kan, ọwọ́ tí okùn àwọ̀n ti gé láìmọye ìgbà, kò gbọ̀n rárá. Wọ́n fi ẹnu àjẹ̀ náà fa ìlà kan lójú ọ̀run, díẹ̀díẹ̀, láti òkè ọ̀pẹ wá sí apá ìwọ̀ oòrùn, wọ́n dúró. "Ibí ló ti là." Wọ́n tún sún un síwájú díẹ̀. "Ibí ló ti kú. Kò dé omi. Òkè ló kú sí." Mo na apá mi sábẹ́ ẹnu àjẹ̀ náà, mo fi ìkúùkù wọ̀n ọ́n. Méjì ààbọ̀.

Àwa tí a pariwo, kò sí ẹni tí ibi tó nà sí bá ti ẹnìkejì mu. Bàbá tí kò sọ̀rọ̀ ni tiwọn ṣì dá ṣáṣá, wọ́n sì ti ń ka ojú ọ̀run láti ìgbà tí wọ́n ti ń bá bàbá tiwọn lọ sódò. Nítorí náà, ẹni tó dákẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá.

Ẹ má bi wọ́n pé "ṣé inú omi ló já sí?" Ẹ ti fi ìdáhùn sí wọn lẹ́nu nìyẹn, àgbà tó bá sì fẹ́ràn yín lè gbà fún yín torí kí inú yín lè dùn. Ẹ bi wọ́n pé "ibo lẹ wà, kí lẹ rí, kí lẹ rí kẹ́yìn?" kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ tàbí igi nà án. Ìka tó nà máa ń péye ju ẹnu lọ. Ẹnìkan lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ bi, kí ẹnìkejì má gbọ́.

Kámẹ́rà àdúgbò

Ilé epo, ṣọ́ọ̀bù ńlá, ilé tí wọ́n fi kámẹ́rà sí lójú géètì: ẹ tètè lọ bá wọn, nítorí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ló ń pa ti àtẹ̀yìnwá rẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ ṣàlàyé pé ojú ọ̀run lẹ fẹ́ wò, kì í ṣe oníbàárà wọn. Bí kámẹ́rà kò bá tilẹ̀ rí òkè, bí òjìji òpó bá ṣe yí nílẹ̀ lásìkò ìmọ́lẹ̀ náà lè sọ apá ibi tó ti wá. Ẹ wo aago kámẹ́rà náà pọ̀ mọ́ ti fóònù yín, kí ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tí wọ́n fi yàtọ̀.

Kí ẹ tó pè é ní òkúta ọ̀run

Àgùàlà kì í rìn lójú yín; bó bá dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú 10, kì í ṣe èyí. Bàálù tó ń lọ sí pápákọ̀ Ìkẹjà máa ń ní iná pupa àti ewé, òmíràn lára iná rẹ̀ á sì máa ṣẹ́jú. Ibùdó tí wọ́n gbé sí òfuurufú, tí àwọn èèyàn ń gbé inú rẹ̀, máa ń kọjá jẹ́jẹ́ láìṣẹ́jú fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́rin sí mẹ́fà. Iná àríyá oṣù Dìsẹ́ńbà máa ń ti ilẹ̀ gòkè kó tó tú ká.

Èyí tó máa ń tan èèyàn jẹ jù ni ègé sátẹ́láìtì tàbí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń jábọ̀ wálé. Eré tiwọn kò ju nǹkan bíi kìlómítà 8 ní sẹ́kọ́ńdì lọ, nítorí náà wọ́n máa ń rọra kọjá, wọ́n á fọ́ sí ègé púpọ̀ tó ń tẹ̀lé ara wọn bí àwọn tó gbé fìtílà lọ́wọ́, ó sì lè lé ní ìṣẹ́jú kan kó tó tán. Bí ẹ bá ráyè pe aládùúgbò jáde wá wò ó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú ìyẹn ni. Ẹ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ sọ bó ṣe pẹ́ tó.

Ìlú mẹ́ta, ẹlẹ́rìí mẹ́ta

Ojú ẹyọ kan kò lè mọ bí iná òkè ṣe jìn tó. Kò sí ẹni tó lè ṣe é, àní onímọ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń rò pé ẹ̀yìn ilé kejì ló bọ́ sí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: bí iná náà bá kú ní kìlómítà 50 lókè ilẹ̀, tí ẹ sì rí i pé ìkúùkù kan péré ló ga nígbà tó kú, nǹkan bíi kìlómítà 250 ló wà sí yín. Bó bá jẹ́ ìlà oòrùn Ẹ̀pẹ́ lẹ wò, ó ti kọjá ìlú Bìní. Bó bá jẹ́ gúúsù, àárín òkun ni. Ẹni tó gbọ́ ọ nínú ọ̀sà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bóyá ẹja ló ta.

Ṣùgbọ́n ojú méjì láti ibi méjì lè mọ̀ ọ́n. Ìkòròdú wà láàárín Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn. Bí èmi bá rí i lókè omi lápá ọ̀tún ní Ẹ̀pẹ́, tí ẹlẹ́rìí Àgbádárìgì rí i lókè omi lápá òsì, àárín wa ló kọjá. A ó fa ìlà kan láti ọ̀dọ̀ mi, ìlà kan láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, lórí máàpù, ibi tí wọ́n ti pàdé ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni Ìkòròdú ni yóò jẹ́ ká mọ̀ bóyá àwa méjèèjì ṣe àṣìṣe. Nítorí náà, bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí ní àwọn ìlú wọ̀nyí, ẹ pè wọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ béèrè ohun mẹ́ta péré: ibo lẹ dúró sí, apá ibo ló kú sí, ìkúùkù mélòó? Ẹ má sọ tiyín fún wọn kí wọ́n tó dáhùn.

Ibi tí ẹ ó fi ránṣẹ́ sí

Àjọ àgbáyé tó ń gba ẹ̀rí wọ̀nyí ni International Meteor Organization, tí wọ́n ń gé kúrú sí IMO. Fọ́ọ̀mù wọn wà lórí imo.net, ọ̀fẹ́ ni, ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ náà lè kún un. Wọ́n á béèrè ibi tí ẹ dúró sí, aago, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó kú sí, bó ṣe pẹ́ tó, bó ṣe mọ́lẹ̀ tó, àwọ̀ rẹ̀, bóyá ó fọ́, bóyá ó dún. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ sínú fóònù ti dáhùn gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbi aago: tiwa fi wákàtí kan ṣáájú aago UTC tí àwọn onímọ̀ ń lò, aago 7:42 alẹ́ wa jẹ́ 18:42 tiwọn. Nílé níbí, NASRDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú, wà l'Ábùjá; ẹ lè kọ̀wé sí wọn pẹ̀lú.

Bí ohun kan kò bá dá yín lójú, ẹ kọ ọ́ pé kò dá yín lójú. Àlàfo tó jẹ́ òótọ́ sàn ju nọ́ńbà tí ẹ fi ọkàn dá lọ.

Bí ẹ bá rò pé ẹ rí òkúta náà

Púpọ̀ nínú wọn á jó tán sókè. Àwọn díẹ̀ ló ń délẹ̀, èyí tó bá sì délẹ̀, kì í tàn mọ́ nígbà tó bá ń balẹ̀. Iná rẹ̀ sábà máa ń kú ní nǹkan bí ogún kìlómítà sókè, tòun ti òkùnkùn ló wá bọ́. Nítorí náà igbó tó ń jó kì í ṣe àmì rẹ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1962, nítòsí Zagami ní agbègbè Katsina, àgbẹ̀ kan ń lé ẹyẹ kúrò nínú oko àgbàdo rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ìró ńlá, tí òkúta tó wúwo tó nǹkan bíi kílò 18 sì gbẹ́ ihò sílẹ̀ ní bíi mítà mẹ́ta sí i. Àwọn onímọ̀ wá rí i lẹ́yìn náà pé láti ara Mars ló ti wá. Mars! Nínú oko àgbàdo! Lóṣù kẹwàá ọdún 2008, òkúta kan já sí Sudan; àwọn onímọ̀ ti rí i pé ó ń bọ̀ nígbà tó ku nǹkan bí ogún wákàtí kó kó sínú afẹ́fẹ́ ayé. Lóṣù kejìlá, onímọ̀ méjì, Peter Jenniskens àti Muawia Shaddad, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Khartoum lọ sínú aṣálẹ̀, wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí àwọn tó ń ṣa ẹ̀pà, wọ́n sì ń ṣa ègé rẹ̀.

Òkúta ọ̀run tuntun máa ń dúdú lára bí ìdí ìkòkò tí wọ́n fi igi sè, èèpo dúdú náà sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí èèpo ẹyin. Níbi tó bá ti sán, inú rẹ̀ sábà máa ń mọ́ ju ẹ̀yìn lọ, bíi sìmẹ́ǹtì gbígbẹ, irin kéékèèké á máa dán nínú rẹ̀. Ó máa ń wúwo ju bó ṣe tóbi lọ. Àwọn ibi tó dà bíi pé ẹnìkan fi àtàǹpàkò tẹ̀ lè wà lára rẹ̀. Bó bá ní ihò wéréwéré bíi búrẹ́dì, ìdàrọ́ ni, ìdàrọ́ sì pọ̀ nílẹ̀ wa níbikíbi tí alágbẹ̀dẹ tàbí ilé-iṣẹ́ irin bá wà. Ẹdùn àrá pàápàá yàtọ̀. Ọwọ́ àwọn aráyé àtijọ́ ló gbẹ́ ẹ; bí ẹ bá rí i lójúbọ, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín.

Kí ẹ tó gbé e, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà pẹ̀lú báírò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ sàmì síbẹ̀ lórí máàpù. Ẹ fi nylon mímọ́ gbé e, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má fi ayùn fà á, ẹ má sì lẹ òòfà mọ́ ọn, torí òòfà ń pa ohun tó wà nínú rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Ẹ kàn gbé e sún mọ́ atọ́ka fóònù kí ẹ wò bóyá á mì. Ọ̀rinrin etí ọ̀sà wa ń tètè mú irin dípẹtà, nítorí náà ike gbígbẹ tó ní ìdérí ni kí ẹ fi í sí, kí ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ àti òkúta ní yunifásítì, irú èyí tó wà ní Yunifásítì Èkó. Bí ẹ bá sì gbà pé inú ọ̀sà ló wà, ẹ má rì sómi lálẹ́ nítorí rẹ̀.

Ìgbà tí ẹ lè fi dánra wò

Kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí iná ńlá ń bọ̀, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ já kéékèèké ní ìgbà tiwọn, wọ́n sì dára fún ìdánrawò. Èyí tó dára jù fún wa ni ti alẹ́ ọjọ́ 13 mọ́jú 14 oṣù Dìsẹ́ńbà. Òjò ti lọ. Láti nǹkan bí aago 10 alẹ́, ẹ jókòó síbi tí iná ilé kò ti tàn sí yín lójú, ẹ kọ ẹ̀yìn sí ọ̀sà, kí ẹ wo àárín àríwá àti ìlà oòrùn. Bí òru bá ṣe ń jìn ni wọ́n ń pọ̀ sí i. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ wọn ìkúùkù, ẹ sọ ọ́ sínú fóònù. Lẹ́yìn bíi mẹ́wàá, ọwọ́ yín á ti mọ́ ọn. Bàbá ti ní kí n wá jí òun, wọ́n á mú àjẹ̀ wọn dání.